Kọ́kọ́ gba ilẹ̀ kí o tó kọ́lé: bí a ṣe ń gbé lórí sáfà survival láti Èkó

Dáyámọ́ńdì mọ́kànlá ló wà lára mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti aago mẹ́jọ ni mo ti ń walẹ̀, ó sì ku díẹ̀ kí n dé ẹnu ilẹ̀kùn mi nínú Minecraft, gémù tí a ti ń walẹ̀ tí a sì ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé (survival ni irú tiwa, o lè kú nínú rẹ̀), nígbà tí NÉPÀ múná lọ ní Sùúrùlérè. Láptọ́ọ̀pù mi kò kú, bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára. Ráútà ló kú. Kí n tó tan hotspot fóònù, kí n tó tẹ password, kí n tó padà wọlé, mo ti di òkú. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já lójijì, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń wọ̀ láti jọ ṣeré, kì í tètè mọ̀. Ó lè dúró dè ọ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú kó tó yọ ọ́ kúrò. Ní gbogbo àkókò yẹn, o kàn dúró síbẹ̀ bí ère ni, zombie á sì máa lù ọ́ bí ẹní lu bàrà.

Àwọn fídíò òyìnbó tí mo ń wò kò sọ èyí fún mi rí. Lọ́dọ̀ wọn, iná kì í ṣàdédé lọ. Mo wá rí i pé ohun méjì ló ń jẹ ẹni tó ń ṣeré láti Èkó níyà ju zombie lọ: íntánẹ́ẹ̀tì tó já, àti èèyàn bíi tìrẹ tó rí àpótí rẹ nígbà tí o ń sùn. Àwọn méjèèjì yìí ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Bí a ṣe ń kọ́ ilé tó rẹwà, ẹlòmíràn á kọ́ ọ.

Mọ irú Minecraft tó wà lọ́wọ́ rẹ

Oríṣi méjì ni. Java Edition wà fún kọ̀ǹpútà nìkan. Bedrock ló wà lórí fóònù, Xbox, PlayStation àti Windows náà. Ẹni tó ń lo ọ̀kan kì í lè wọ sáfà èkejì lásán. Sáfà Java sábà máa ń lo port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà sáfà) 25565, ti Bedrock sì jẹ́ 19132. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá fún ọ ní àdírẹ́ẹ̀sì tó kọ̀ tí kò wọlé, nọ́ńbà yìí ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn sáfà Java kan ti fi Geyser sí tiwọn, òun ló ń jẹ́ kí ẹni tó wà lórí fóònù bá ẹni tó wà lórí kọ̀ǹpútà ṣeré. Irú èyí ni mo máa ń wá, torí nínú àwa mẹ́fà tá a jọ ń ṣeré, èèyàn méjì péré ló ní láptọ́ọ̀pù.

Ẹ̀yà gémù náà gbọ́dọ̀ bá ti sáfà mu. Fóònù lè fúnra rẹ̀ ṣe update lóru, kó o jí láàárọ̀ kí sáfà máa sọ pé ẹ̀yà yín kò bára mu. Pa update aládàáṣe fún Minecraft nìkan, kí o máa fọwọ́ ara rẹ ṣe é nígbà tí sáfà yín bá ti ṣe tirẹ̀.

Bí owó gémù kò bá sí, Luanti wà lọ́fẹ̀ẹ́. Minetest ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dún 2024. Fi VoxeLibre sínú rẹ̀, o máa rí i pé ó jọ Minecraft gan-an, láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ láti Computer Village ní Ìkẹjà sì lè gbé e. Ṣùgbọ́n sáfà tirẹ̀ yàtọ̀, o kò lè fi í wọ sáfà Minecraft.

Àwọn sáfà kan wà tó máa ń gba ẹni tí kò ra gémù wọlé. Lórí irú wọn, ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ rẹ kó sì wọlé bí ìwọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí o tẹ /register pẹ̀lú password. Jọ̀wọ́, má ṣe lo password ímeèlì rẹ níbẹ̀. O kò mọ ẹni tó ni sáfà yẹn, o kò sì mọ ibi tó ń kó password sí.

Yan sáfà bí ẹni tó ń wá ilé rẹ́ǹtì

Ta ló máa sanwó ilé ní Èkó láìbéèrè bóyá omi ń wọ àdúgbò náà lásìkò òjò? Bẹ́ẹ̀ náà ni sáfà. Wọlé, rìn yíká, má kọ́ nǹkankan. Ka òfin wọn tán. Lẹ́yìn náà, bi wọ́n pé: ṣé ẹ ní ètò gbígba ilẹ̀? Ìgbà wo lẹ máa ń pa ayé yìí rẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tuntun? Ta ni admin (alábòójútó sáfà) tó máa ń wà lórí ìjókòó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ wa? Bí kò bá sí ẹni tó dá ọ lóhùn láàárín ọjọ́ méjì, kò ní sí ẹni tó máa dá ọ lóhùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá jà ọ́ lólè.

Àwọn sáfà kan wà tí kò ní òfin rárá, anarchy ni wọ́n ń pè wọ́n. 2b2t tó ti wà láti ọdún 2010 ló lókìkí jù nínú wọn. Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, jìnnà sí wọn.

Wo ping náà. Ó jẹ́ iye àkókò tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ láti ọ̀dọ̀ rẹ dé ọ̀dọ̀ sáfà kó sì padà, wọ́n máa ń kà á ní ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Lórí Java, gbé mouse sórí àwọn ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ sáfà, o máa rí nọ́ńbà náà. Sáfà Yúróòpù máa ń fún mi ní nǹkan bí 100 sí 150 láti Sùúrùlérè, ìyẹn tó láti fi kọ́lé, dáko, walẹ̀. Tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ń gbé e, ó máa ń ju 200 lọ, ìjà á sì di ọ̀rọ̀ àánú: o ti rò pé o gbá ọ̀tá, kí ìró ẹ tó dé ọ̀dọ̀ sáfà, ọ̀tá ti kúrò níbẹ̀. Má fi máàpù wọ̀n bí ó ṣe jìnnà tó o. Fi ping wọ̀n ọ́n.

Iná àti íntánẹ́ẹ̀tì

Lẹ́yìn ikú dáyámọ́ńdì mọ́kànlá, ohun tí mo ṣe nìyí. Mo wọ ètò hotspot fóònù mi, mo sọ ọ́ ní orúkọ kan náà pẹ̀lú Wi-Fi ilé, mo sì fún un ní password kan náà, lẹ́tà kan kò yàtọ̀. Nísinsìnyí, bí iná bá lọ, mo kàn na ọwọ́ sí fóònù, mo tan hotspot, láptọ́ọ̀pù á rò pé ráútà ilé ló padà dé, á so mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Gémù ṣì máa já, ṣùgbọ́n kí zombie tó jẹun kánú, mo ti wọlé padà. Ẹni tó bá lówó lè ra mini UPS tí wọ́n ń so mọ́ ráútà. Ó tún dáa ju èyí lọ.

Nínú gémù, dín render distance kù sí 6 tàbí 8. Bí o ṣe ń rìn, sáfà á máa fi ilẹ̀ tó yí ọ ká ránṣẹ́ sí ọ, bí ojú rẹ bá ṣe ríran jìnnà tó ni dátà rẹ á ṣe lọ tó. Tún wo ibi tí o ti fi sáfà sínú àkójọ rẹ, kí o yan pé kó máa béèrè kó tó gba resource pack (àwòrán àti ìró tí sáfà fẹ́ kí gémù rẹ lò), torí àwọn sáfà kan máa fi ẹrù ńlá ránṣẹ́ sí ọ láìbèèrè. Tí o bá ní dátà òru, ìgbà yẹn ni kí o lọ ṣàwárí ilẹ̀ tuntun.

Bí o bá rí i pé gbogbo nǹkan ń dúró lójú kan, tí o fọ́ òkúta tó sì tún padà sípò, íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣàìsàn nìyẹn. Má sáré. Fi búlọ́ọ̀kù yí ara rẹ ká títí dé orí, kí o dúró sínú rẹ̀ bí ìgbín. Bí o bá já, ògiri ló máa rí ọ.

Bí o bá sì kú náà, má kánjú. Ẹrù rẹ máa ń wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kó tó pòórá, ṣùgbọ́n aago yẹn kì í rìn nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí ibi tí o kú sí. Mú idà, oúnjẹ àti tọ́ọ̀ṣì dání, kí o wá lọ tààrà. Ẹni tó sáré lọ ní ìhòòhò ni zombie tún máa pa lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ìṣẹ́jú 20 ni ọjọ́ kan nínú Minecraft, ọ̀sán kò sì ju bí mẹ́wàá lọ nínú rẹ̀. Lórí sáfà tó ti pẹ́, àyíká spawn, ibi tí gbogbo ẹni tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀, ti dà bí Ọjà Tẹjúoṣó lálẹ́ ọjọ́ Sátidé: igi ti tán, ihò wà níbi gbogbo, ẹran kò sí. Má dúró níbẹ̀. Gé igi mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fi pákó mẹ́rin ṣe crafting table (tábìlì iṣẹ́ ọwọ́), ṣe àáké àti irinṣẹ́ ìwalẹ̀, kí o sì máa rìn lọ. Ẹgbẹ̀rún búlọ́ọ̀kù kan sí méjì ni mo máa ń rìn kí n tó wo ilẹ̀ tó wù mí. Pa àgùntàn mẹ́ta tí àwọ̀ wọn jọra lójú ọ̀nà. Irun mẹ́ta aláwọ̀ kan náà àti pákó mẹ́ta ni bẹ́ẹ̀dì.

Bẹ́ẹ̀dì yìí ṣe pàtàkì ju idà lọ. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sán ni o, òru ni o, ibẹ̀ ni o máa jí sí bí o bá kú. Láìsí i, inú ọjà spawn yẹn ni wàá padà sí. Èédú kan pẹ̀lú igi kékeré kan máa fún ọ ní tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin. Òkúta mẹ́jọ ló ń ṣe ààrò. Pákó mẹ́fà àti irin kan ló ń ṣe apata, apata yẹn sì lè gba ọ́ lọ́wọ́ creeper tó bú gbàmù lójú rẹ.

Lórí ọ̀pọ̀ sáfà, /sethome ń pamọ́ ibi tí o wà, /home sì ń gbé ọ padà síbẹ̀. Bó bá wà tàbí kò sí, kọ nọ́ńbà ibi tí o wà sílẹ̀. F3 ló ń fi wọ́n hàn lórí Java. Sínú ìwé gidi ni kí o kọ ọ́ sí, ìwé tí a fi bíírò kọ. Àbúrò mi obìnrin fi ti tirẹ̀ ya fọ́tò sínú fóònù, fóònù bọ́ sínú omi, ilé tó kọ́ fún oṣù méjì ṣì wà níbì kan lórí sáfà yẹn títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ ibẹ̀.

Gba ilẹ̀ rẹ

Ará Èkó kò nílò àlàyé púpọ̀ níbí. Gbogbo wa la mọ ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin lórí àwọn ajàgungbalẹ̀ lọ́dún 2016, wọ́n ṣì ń kọ ọ́ sára ògiri síbẹ̀. Lórí sáfà, ajàgungbalẹ̀ tiwa ni wọ́n ń pè ní griefer.

Ètò tó wọ́pọ̀ jù fún gbígba ilẹ̀ lórí Java ni GriefPrevention. Nígbà tí o bá kọ́kọ́ gbé àpótí kalẹ̀, ó lè gba ilẹ̀ kékeré yí àpótí náà ká fún ọ láìjẹ́ pé o béèrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ronú pé ó ti tán nìyẹn. Kò tíì tán o. Ilẹ̀ kékeré yẹn lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ bí o kò bá wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan, yàrá tí o kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì sí nínú rẹ̀.

Wúrà kan àti igi kékeré méjì ni ṣọ́bìrì wúrà. Mú un lọ́wọ́. Dúró sí igun ilẹ̀ kan, tẹ right-click sórí ilẹ̀. Lọ sí igun tó dojú kọ ọ́, tẹ right-click lẹ́ẹ̀kan sí i. Wàá rí i tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa tàn yòò bíi wúrà. Tí admin kò bá yí ètò náà padà, 100 búlọ́ọ̀kù ni ẹni tuntun máa ń ní, ìyẹn mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá gẹ́lẹ́, á sì máa rí 100 mìíràn gbà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá fi ṣeré. Bí o bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀ kan kí o tó kọ́ nǹkan síbẹ̀, mú igi kékeré lọ́wọ́, fi tẹ ilẹ̀ náà, á sọ orúkọ onílẹ̀ fún ọ. Ó ṣe, à ò rí irú igi yìí lò ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni /trust. Bí o bá tẹ /trust pẹ̀lú orúkọ ẹnì kan, o ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé: ó lè kọ́, ó lè wó, ó lè kó. Ẹni tó kàn fẹ́ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ tàbí tẹ bọ́tìnnì ilẹ̀kùn, /accesstrust tó o. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń pín àpótí, /containertrust ni kí o fún un. Ọ̀rẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kò yẹ ní ju èyí lọ. Ọmọ ilé kejì wa fún ẹnì kan tí kò mọ̀ ní /trust torí pé ẹni náà pè é ní ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó máa jí láàárọ̀, òrùlé nìkan ló kù.

Bí sáfà kò bá ní ètò gbígba ilẹ̀, ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Gbé inú ilẹ̀. Má fi tọ́ọ̀ṣì síta, má dáko sójú títì. Sapá láti tètè ní ender chest, obsidian mẹ́jọ àti eye of ender kan ni wọ́n fi ń ṣe é. Ohun tí o bá kó sínú rẹ̀, ìwọ nìkan lo lè rí i, kódà bí ẹlòmíràn bá ṣí àpótí yẹn gan-an, tirẹ̀ ló máa rí.

Walẹ̀, kí o sì padà wálé

Láti ìgbà tí ẹ̀yà 1.18 ti dé ní ìparí ọdún 2021, ìsàlẹ̀ ayé ti lọ sí Y -64 (Y ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ibi tí o wà ṣe ga tó tàbí jìn tó). Ibi tí mo ti ń rí dáyámọ́ńdì jù ni Y -59. Má walẹ̀ tààrà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, lava, iná tó ń ṣàn, lè wà níbẹ̀. Má kó ju ohun tí o lè fara mọ́ pípàdánù lọ. Nígbà tí dáyámọ́ńdì bá ti tó márùn-ún, mo máa ń padà sílé.

Nether, ayé oníná kejì nínú gémù náà, á máa wù ọ́. Ìṣísẹ̀ kan níbẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ lókè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó bí Third Mainland, láti fi gé ọ̀nà kúrú. Má gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀ láti sùn, á bú.

Ará àdúgbò

Ẹ kí ara yín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọlé tó ń tẹ ẹ káalẹ́ o nínú chat ni àwọn èèyàn máa ń ràn lọ́wọ́ nígbà tó bá kú. Bí o bá gba ọkà lóko ẹlòmíràn, gbìn ín padà. Bí ẹ bá ń ṣe pàṣípààrọ̀, ẹ má ju ẹrù sílẹ̀ fún ara yín. Ẹni tó sọ pé kí o kọ́kọ́ ju tìrẹ fẹ́ sá lọ ni. Ẹ lo àpótí tí ẹnì kẹta ń ṣọ́, tàbí ṣọ́ọ̀bù tí sáfà fọwọ́ sí. Tí wọ́n bá jà ọ́ lólè, má gbẹ̀san. Ya fọ́tò, kọ aago tó ṣẹlẹ̀, fi ránṣẹ́ sí admin. Bí wọ́n bá ní CoreProtect, gbogbo búlọ́ọ̀kù tí ẹnikẹ́ni fọ́ ló wà lákọsílẹ̀, admin sì lè dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà.

Òru tún ń ṣe wàhálà. Bí ẹnì kan kò bá sùn fún òru mẹ́ta, phantom á máa fò wá kọlù ú. Lórí ọ̀pọ̀ sáfà, gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ sùn kí ilẹ̀ tó mọ́, àfi bí admin bá ti dín iye náà kù. Sùn nígbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sùn.

Bí o bá fẹ́ ṣí tìrẹ

Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bíi WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ létíkun Ivory Coast, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Èkó sì dákẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa ṣeré lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tan hotspot láìsí dátà lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú wa ṣí ayé Bedrock lórí fóònù, ó tan ètò tó ń jẹ́ kí àwọn tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà rí i, àwa yòókù sì wọlé. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé nígbà tí ẹni tó ni fóònù tó ṣí ayé náà bá lọ jẹun, gbogbo wa la máa dúró.

Fún èyí tó máa wà títí, Aternos ń gbé sáfà fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń pa á nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Bí o bá fẹ́ lo láptọ́ọ̀pù tìrẹ, gba Paper, ètò tó ń gbé sáfà Java, ṣí i lẹ́ẹ̀kan, yí eula=false sí true nínú eula.txt, kí o tún ṣí i. Nínú server.properties, dín view-distance kù láti 10 sí 6, kí o sì sọ white-list di true, kí ẹni tí o kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan lè wọlé. Nẹ́tíwọ̀kì fóònù wa sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì IP kan, torí náà ṣíṣí port nínú ráútà lè má ṣiṣẹ́ rárá, playit.gg á ṣe ọ̀nà àbùjá fún ọ. Fi GriefPrevention àti CoreProtect sí i kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé.

Lálaalẹ́, tẹ /stop, dúró kó parí, kí o tó ṣe ẹ̀dà gbogbo fódà tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú world sórí flash. Ẹ̀dà tí o bá ṣe nígbà tí sáfà ṣì ń ṣiṣẹ́ lè jẹ́ ìdajì. Bí NÉPÀ bá sì mú iná lọ láàárín ìgbà tí ó ń kọ nǹkan sílẹ̀, ẹ̀dà àná ni wàá padà sí.

Ẹ̀tọ́ op, àṣẹ láti ṣe ohun tó bá wù ọ́ lórí sáfà, kì í ṣe ohun tí a ń fi dá ọmọdé lọ́lá. Mo fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Kí n tó jẹ̀bà tán, ó ti fún ara rẹ̀ ní búlọ́ọ̀kù dáyámọ́ńdì 64, ó sì ti sọ òru di ọ̀sán fún gbogbo èèyàn. Mo tẹ /deop. Ó kọ̀ kò kí mi títí ọjọ́ Sọ́ńdè.